Kọ́bọ́ọ̀dù Adamou

Yàrá kan ṣoṣo ni Adamou àti Ràmúlátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Treichville, àdúgbò kan ní Àbíjàn, lọ́dún 1974, ibùsùn sì ti gba ìdajì rẹ̀. Nígbà tí Adamou ra kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó pákó rẹ̀ sínú páálí, àgbàlá ló ti tò ó. Akọ̀wé ni, Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Ó ń ka ìwé ìlànà rẹ̀, tí wọ́n fi Faransé kọ, sókè gan-an, kí gbogbo ará ilé lè gbọ́. Bó ṣe tò ó tán, ó ki ìwé náà bọ inú iná tíì. Kí ló tún kù tó ń kà?

Àfi bí wọ́n ṣe gbé kọ́bọ́ọ̀dù dé ẹnu ọ̀nà tí kò wọlé. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, pàbó ló já sí. Òógùn bo Adamou. Bó bá tú u, báwo ni yóò ṣe tún un tò?

Ràmúlátù, ọmọ Ìgbòho tó ń ta aṣọ lọ́jà, dìde. Ó kó àjákù àǹkárá jáde. Kí ọkọ rẹ̀ tó tú oríkèé kọ̀ọ̀kan, á so irú aṣọ kan náà mọ́ pákó méjèèjì, bó ṣe máa ń ṣàmì sí ẹrù àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tò ó padà nínú yàrá, aṣọ ẹlẹ́yẹ lọ bá ẹlẹ́yẹ, olódòdó lọ bá olódòdó. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, kọ́bọ́ọ̀dù ti dúró ṣinṣin.

Adamou mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ibùsùn. "Ìyá Sùrájù, ìwọ tí o kò kàwé!"

"Bàbá Sùrájù, èyí tí èmi ń kà, n kì í fi dáná tíì."