Télọ̀ Tó Fi Ṣọ́ọ̀kì Wá Ìdí Ilẹ̀kùn

Ọdún méjìlélógójì ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ télọ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́ nílé, wọn ò ní jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi mọ ohun tó bà á jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú há, ó sì há bàbá mọ́lé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fárígá. "Tó bá tún há báyìí, bàbá, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa wá gbé. Ó parí!" Àmọ́ èmi mọ̀ pé kò sóhun tó lè dùn wọ́n tó kí wọ́n kúrò nílé tí àwọn àti ìyá wa jọ kọ́.

Ni mo bá gbé òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, mo rọ ọ́ sínú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó tún há. Inú bí mi, mo gbá ilẹ̀kùn nípàá.

"Rọra o, ìyá mi," bàbá ní. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ta ló ń gé aṣọ láì tíì wọ̀n ọ́n?"

Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sáṣọ, wọ́n fi kun orí irin tó ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ó yí díẹ̀, ó há. Nígbà tá a ṣí i, àmì funfun ti wà lára férémù, nísàlẹ̀ ihò tó yẹ kí irin náà wọ̀.

"Ẹn-ẹ́n!" Inú bàbá dùn bíi tọmọdé. "Kọ́kọ́rọ́ ò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀kùn ló sọ̀ kalẹ̀. Kí ló wá fà á sílẹ̀?"

Àṣé ìwádìí máa ń ranni! Èmi tí mò ń bínú lẹ́ẹ̀kan, mo ti ń na ọrùn wòkè, mò ń bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀. Sukúrù méjì tó di ilẹ̀kùn mú lókè ló ti tú nínú igi. Bàbá ki igi ìṣáná bọ ihò méjèèjì kí sukúrù lè rí nǹkan dì mú, mo gbé ilẹ̀kùn sókè, wọ́n dè é padà. Kọ́kọ́rọ́ yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi!" mo pariwo. "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lọ síbì kankan!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ kejì jáde. Ti ìyá wa ni. Láti ọdún mẹ́fà tí ìyá wa ti ṣaláìsí, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Ilẹ̀kùn ti ń ṣí," wọ́n ní. "Ọjọ́ tí mi ò bá wá lè dìde wá ṣí i ńkọ́?"