Sàláàdì Makaróònì Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbé Kaná

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí o! Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níjọ́ kejì ọdún Iléyá kò ṣeé fi pamọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wọ ilé ọkọ mi ní Houinmè, níbí ní Àjàṣẹ́. Tí ẹbí bá ti pé jọ, àlùbọ́sà ni wọ́n máa ń gbé fún mi rẹ́. Àlùbọ́sà ṣáá! Àwọn ìyàálé mi á máa se ọbẹ̀, èmi á máa sunkún nídìí ọ̀bẹ. Lọ́dún yìí, mo ní ó tó gẹ́. Mo bẹ ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n se oúnjẹ kan péré fún àwọn àlejò. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má dójú ti àwọn.

Kí ni mo fẹ́ sè? Sàláàdì makaróònì tútù, irú èyí tí wọ́n ń jẹ lápá Amẹ́ríkà tó bá Mẹ́síkò pààlà. Orí fóònù ni mo ti rí i. Ẹni tó ti ń jẹ ẹran àgbò láti àná, ṣé nǹkan tútù tó kan díẹ̀ kò ní wù ú?

Mo bọ makaróònì, mo fi omi tútù ṣàn án. Mo sun àgbàdo tuntun tí mo rà ní Akpro-Missérété, mo yín in. Mo kó ẹ̀wà dúdú tí mo ti sè sí i, àti tàtàṣé, ata wẹ́wẹ́ àti èròjà olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní kúmínì, díẹ̀. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú mayonéèsì, mo po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Abọ́ ńlá méjì ló kún dẹ́múdẹ́mú! Mo gbé wọn sínú fírígò kí wọ́n lè tutù dáadáa, mo lọ wẹ̀.

Bí mo ṣe jáde, òórùn kan gbá mi nímú. Mo sáré dé ilé ìdáná. Ẹ gbà mí o! Ìyá ọkọ mi ti da abọ́ kan sínú ìkòkò, wọ́n ń rò ó lórí iná! Mayonéèsì ti di òróró, makaróònì ti di ẹ̀kọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàálé mi ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, o gbàgbé láti gbé e kaná," ni Ìyá wí. "Ṣé a máa ń gbé oúnjẹ tútù fún àlejò ni?"

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Nílé wa, oúnjẹ àná ló ń tutù, àbùkù sì ni kéèyàn gbé e síwájú àlejò. Ìyá ò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún láìsí àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí abọ́ kejì wà bó ṣe wà.

Nígbà tí àwọn àlejò jókòó, mo gbé méjèèjì síwájú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, tọ́ èyí tó gbóná wò, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n bu èyí tó tutù. Wọ́n tún bù ú. Wọ́n wá fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara wọn pátápátá! Wọ́n ní ẹran ti sú àwọn, ta ló ronú kan nǹkan yìí?

Kí n tó la ẹnu, Ìyá ti dáhùn: "Ìyàwó mi ni!"

Ẹ̀yin èèyàn, orí mi wú! Ojú ara mi ni mo fi rí ìdí abọ́ yẹn. Ti inú ìkòkò ńkọ́? Àwọn adìyẹ ló fi ṣọdún.

Ẹ̀bi mi ni lápá kan ṣá. Kéèyàn tó gbé nǹkan àjèjì wọlé, ó yẹ kó là á yé àwọn àgbà. Ẹ̀yin ńkọ́, oúnjẹ wo lẹ fi gba orúkọ nílé ọkọ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo ń dúró.

Ní tèmi, Ìyá ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé: ẹlòmíràn ni yóò rẹ́ àlùbọ́sà lọ́dún tó ń bọ̀.