Ọwọ́ Tí Mo Kó Sẹ́yìn

Òórùn efinrin ló dá mi dúró láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Ọmọ ọmọ mi ló fà mí lọ sí ọjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń ná lórí pápá nínú ẹ́sítéètì wa ní Ajah. Àtilé ni mo ti ń kùn: ọjà wo ni wọ́n ń ná lábẹ́ agboòrùn, tí wọ́n lẹ nọ́ńbà báńkì mọ́ tábìlì? Ṣùgbọ́n bí efinrin yẹn ṣe gba imú mi báyìí, mo pa ẹnu mọ́. Mo rántí etí ọ̀sà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí wọ́n tó fi yanrìn dí etí ọ̀sà yìí kọ́lé, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọjà oko wá bá wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin ti ń sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀: ẹ̀gẹ́, tòmátì, àgbàdo, ewé efinrin tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Wọn kì í tà á títí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára yóò fi kọ́kọ́ kàn án. Èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọlọ́wọ́ ire wọn! Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, n ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ṣáà pariwo, "Ọmọ Ìyá Oníyọ̀, wá bá mi ṣí ọjà!" Màá fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀, màá ní, "Ajé á wọgbá o," wọ́n á sì fún mi ní ẹ̀pà tàbí ìrèké. Mo gbéra ga nígbà yẹn, n ò ní purọ́ fún yín.

Ìyá Ṣìfáwù ló ń ta tòmátì. Ṣìfáwù ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi, ìrèké kan náà la jọ máa ń jẹ. Lọ́jọ́ kan ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọwọ́ ire kọ́, wọ̀bìà lásán ni ẹ́!" Háà, inú bí mi! Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, fọwọ́ kàn án." Ṣìfáwù ń wò mí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Mo kọ̀, olórí kunkun ni mí.

Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí dìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò jáde ra tòmátì. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tó kún padà sínú ọkọ̀, mo sì ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a ò rí wọn. Wọ́n ní wọ́n ti kó lọ sí apá Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo fi dúró létí omi pẹ̀lú ìrèké tí n ò gé jẹ. Ìyá mi ní, "Òjò ló ba ọjà wọn jẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹ." Etí mi gbọ́, ọkàn mi ò gbà.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà." Omidan tó ń ta efinrin ló ń kí mi, wáyà fóònù ńbẹ létí rẹ̀, tòmátì kún iwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣí ọjà. Mi ò tíì tà rárá."

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti bá ọ̀sà lọ. Ọ̀sà ti di ilé, ọkọ̀ ojú omi ti di mọ́tò, síbẹ̀ ẹni tó ń tajà ṣì ń wá ọwọ́ tó máa kọ́kọ́ kàn án.

"Grandma, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre!" Ọmọ ọmọ mi ti ń fà mí láṣọ.

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé tòmátì náà. "Ajé á wọgbá o, ọmọ mi."

"Àmín, mà!"

N ò tètè gbé ọwọ́ kúrò. Ṣìfáwù, níbikíbi tí o bá wà, mo ti fọwọ́ kàn án o. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ìyá ẹ.