Ọ̀sán Tí A Kì Í Kánjú

Àbúrò mi obìnrin ń wa ọkọ̀ èrò, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa tẹ ilẹ̀ bíi pé bíréèkì wà níbẹ̀. Kánkán ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀: "Ó yá!" Ó yá fún èrò, ó yá fún ọmọ, ó yá fún omi tó wà lórí iná, bíi pé omi létí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aránṣọ ni mí, yàrá wa sì fara kanra. Òun ló bí ọmọbìnrin méjì tó wà lọ́dọ̀ wa, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, tí mò ń dirun wọn. Lọ́jọ́ kan, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún márùn-ún, ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ sáré nawọ́ sí i, ọmọ gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó wá bá mi, ó ń ké, "Mọ́mì! Mọ́mì!" Àbúrò mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó jáde. Ojú rẹ̀ já mi láyà.

Lọ́jọ́ kẹta, ó kó gbogbo wa jọ, ó ṣòfin bí ọba: lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí kì í lọ síbi iṣẹ́, a ó máa jẹun pọ̀ lórí ẹní nínú yàrá òun, láìkánjú. Ẹni tó bá sọ pé "ó yá" ló máa fọ abọ́.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ta ló ń tan ara rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, òun ló fọ abọ́. Á jókòó tán, á dìde lọ ti fèrèsé. Á tún jókòó, á máa wo aago. Àkọ́bí á máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ìrẹsì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, "Ó yá, ẹ jẹun!" á já bọ́, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ keje, fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni. Àìsàn ti wó awakọ̀ kan mọ́lẹ̀, èrò kún ibùdókọ̀, kí ó máa bọ̀ kíá. Àbúrò mi ti nà ró, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́. Ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹní.

Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ lanu. Ìyá rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe èmi.

"Ó yá, Mọ́mì, ẹ máa lọ. Èmi ni màá fọ abọ́."

Àfi bíi pé wọ́n gbá àbúrò mi létí.

"Ọ̀gá," ó ní sínú fóònù, "ẹ máà bínú. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá náà láti inú fóònù: "Iṣẹ́ wo? Ṣebí o ò wá lónìí?"

"Iṣẹ́ ọmọ ni, sà."

Ó pa fóònù, ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ó jẹun tán.

Àbíkẹ́yìn ní òfin lòfin ń jẹ́, òun ni òun máa fọ abọ́. Ìyá rẹ̀ gbé àpótí fún un kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó omi. Abọ́ mẹ́rin péré, wọ́n jọ fọ̀ ọ́ títí oòrùn fi ń wọ̀. Inú mi dùn fún àbúrò mi, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Síbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè gbọ́ bí wọ́n bá pè mí. Wọn ò pè mí.