Sìgìdì Orí Tábìlì Wa ní Malton

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, wọn kì í rán wa níṣẹ́ tán ká tó dìde. Ìyá mi á kàn gbójú sókè, wọ́n á ní, "Òjò mà ń bọ̀ o." Ó parí. Ẹnì kan á ti sáré lọ kó aṣọ lórí okùn, ẹnì kan á kó ata tí a sá sórí àpáta, ẹlòmíràn á máa lé adìẹ wọlé. Ta ló ní ká kó ata? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi.

Bí a bá sì lọ kí èèyàn nílé, ojú nìkan ni ìyá mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbé ẹ̀bà wá síwájú mi, òórùn ẹja inú ọbẹ̀ á máa ta sánsán, màá yíjú sí ìyá mi. Tí wọ́n bá ti rọra ṣẹ́jú báyìí, "Mo ti yó, mà, ẹ ṣé" ni màá sọ, bẹ́ẹ̀ ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú. Ojú kan wà fún "dìde kí àgbà jókòó," òmíràn wà fún "jẹ́ ká délé, wàá rí i." Èyí tó kẹ́yìn yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ rí i.

Ẹ wá wò mí ní Malton, ní Kánádà níbí. Nọ́ọ̀sì lọmọ mi obìnrin ní Newmarket. Bó bá ti lọ ṣíìfù, ó di èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti bàálù tó ń kọjá bí ẹni pé orí òrùlé wa ló fẹ́ bà lé. Mo bá ọmọ náà sọ Yorùbá, ó fi èèbó dáhùn. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Lọ bá mi wo ọbẹ̀ lórí iná." Ó lọ, ó wò ó, ó padà wá jókòó, ó ní òun ti wò ó. Ọbẹ̀ jóná kanlẹ̀! Inú bí mi débi pé mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé tí yìnyín bá ti yọ́, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi kí n máa lọ sílé. Ilé tí èèyàn kò ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ọmọ mi bẹ̀bẹ̀ títí, mi ò gbà.

Ní Sátidé kan ni ọmọ náà gbé géèmù kan dé. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, ọmọ Júù kan, ló ti yá a. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì: ìlú kékeré, odò, ilé wẹ́wẹ́, àti àwọn ọkùnrin kéékèèké tí àwọ̀ wọn dà bí amọ̀. Ó ní ìtàn àtijọ́ àwọn Júù ni, pé àgbà kan fi amọ̀ mọ èèyàn, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú orí, amọ̀ náà bá dìde, ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Gólẹ́mù ni wọ́n ń pè é.

Sìgìdì! Mo fò dìde. Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Amọ̀ tí wọ́n mọ, tí wọ́n pọfọ̀ sí, tí wọ́n rán níṣẹ́, kí ló tún kù? Nígbà èwe wa, tí a bá fi amọ̀ etí odò mọ èèyàn, ìyá àgbà wa á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹẹrẹ, wọ́n á ní ká má fi sìgìdì ṣeré. Mo ní kó gbé e síta sínú yìnyín kíá. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyẹn ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, géèmù lásán ni. Ẹ bá a ṣe é."

Mo bá jókòó. Sìgìdì tó fẹ́ ṣeré ẹ̀tẹ́ ló ní kí wọ́n gbé òun sójò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kálukú á to káàdì ọ̀rọ̀ fún gólẹ́mù rẹ̀: kó ru bíríkì, kó ṣọ́ ẹnubodè, kó pọnmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́ ìlú rẹ̀ parí ló jẹ. Mo rán tèmi lọ pọnmi. Ó pọn, ó pọn, ó tún ń pọn. Ọmọ yìí sì ń fi omi bo ilé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ló dé? Ó ní mi ò fi káàdì "ó tó" sí i. Èmi! Ta ló ń sọ fún ẹni tó lọ pọnmi pé tí àmù bá kún kó dúró? Gbogbo ìlú mi rì.

Ni mo bá bú jáde. Mo ní, "Ìwọ gan-an nìyí! Ìwọ ni gólẹ́mù inú ilé yìí! Kí n sọ 'wo ọbẹ̀,' kí n tún sọ 'rò ó,' kí n tún sọ 'dín iná kù'?"

Ó yé e dáadáa, torí ó ti káàdì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sì fi Yorùbá dáhùn, Yorùbá tí ohùn rẹ̀ ń ròkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀: "Grandma, ẹ ò sọ fún mi. Ẹ kàn máa ń wò mí ni."

Inú ṣì ń bí mi o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà mú mi jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé wọ́n bí ìtumọ̀ ojú mọ́ èmi náà ni? Tí ìyá mi bá wò mí lóde tí mi ò gbọ́, tá a bá délé wọ́n á fà mí létí, wọ́n á sì túmọ̀ rẹ̀ yékéyéké. Ta ló ti túmọ̀ ojú tèmi fún ọmọ yìí? Mo ṣẹ́jú, mo ní, "Èyí ni 'má gbà á.'" Ó ṣe é padà bí ẹni tí erùpẹ̀ kó sí lójú. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà rú! Bẹ́ẹ̀ la ń bá a lọ ní gbogbo Sátidé, èmi ń kọ́ ọ ní ojú, òun ń fi gólẹ́mù rẹ̀ nà mí.

Yìnyín yọ́. Ọmọ mi ti ṣíìfù dé lọ́jọ́ kan, a ń jẹun, ó gbé fóònù rẹ̀, ó ní, "Màámi, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé kí n rà á?" Mo wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì yíjú sí fèrèsé.

"Mummy, don't buy it," ni ọmọ náà sọ, ó ń jẹun lọ. "She's staying."

Ayé mà ti yí o. Nígbà tiwa, tí ojú ìyá bá sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń dáhùn, a kì í lanu. Ojú Yorùbá pọ́nńbélé ni mo fi wo ọmọ yìí, èèbó ló fi túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Kò ṣì í.