Ọjọ́ tí Mo Bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Ná Òmìnira

Òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti rọ́bà jíjó ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀, tí takisí bá ti gba àdúgbò àwọn mẹkáníìkì kọjá ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai, tí mò ń lọ sí yunifásítì. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn ọ́ìlì, ara mi kì í balẹ̀. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nílé ní Nàìjíríà nígbà yẹn: sójà ló ń ṣèjọba, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa, wọ́n ní nítorí ààbò ìlú ni. Bí mo ṣe lọ bá àǹtí mi ní Hor Al Anz ní Dubai nìyẹn, ẹni tó ń ra léèsì lọ́jà Deira níbẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó.

Kọ́ọ̀sì kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sílé. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé Amẹ́ríkà kà ni à ń kọ́ níbẹ̀: òmìnira aráàlú, ààbò orílẹ̀-èdè, òwò tí ìjọba kò ká lọ́wọ́ kò. Òyìnbó arúgbó kan, ará Amẹ́ríkà, ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa, irun rẹ̀ ti funfun tán, iyàn jíjà ló sì ń fún ní máàkì. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, gbogbo ohun tó bá ti sọ ni mò ń fara mọ́. “Yes sir,” pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé ìwà mi ń wù ú ni. Ìgbà tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, mo féèlì. Tí mo bá tún féèlì, visa akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ nìyẹn, màá padà síwájú géètì tí wọ́n tì pa.

Mo ti ara mi mọ́ yàrá. Lọ́jọ́bọ̀, àǹtí mi fà mí dìde pé kí n sin òun lọ sọ́jà. Bàbá ará India tó ni ṣọ́ọ̀bù léèsì tí a wọ̀ tó bí i lọ́mọ, síbẹ̀ àǹtí mi kò dákẹ́, ó ń pè é ní habibi, ìyẹn ‘olólùfẹ́’ lédè Lárúbáwá.

“Habibi, e too cost! Abeg, bring am down!”

Ojú tì mí. “Àǹtí, ẹ ò rí i pé bàbá àgbà ni?”

“Ṣé mo bú u ni? Ọjà ló pàtẹ, mo sì ń ná an. Tí mo bá san iye tó kọ́kọ́ pè, á rò pé orí mi ò pé ni.”

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ọ̀jọ̀gbọ́n ní tí ewu bá dé, ó yẹ kí aráàlú yọ díẹ̀ nínú òmìnira wọn sílẹ̀ kí ààbò lè wà. Mo rántí àǹtí mi níwájú bàbá ará India yẹn. Mo dìde, mo ti kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó mọ̀.

“Ẹ má bínú sà, iye tí ẹ pè yẹn wọ́n jù. Báwo ni díẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó? Ìgbà wo lẹ máa dá a padà? Àwọn sójà tiwa náà, díẹ̀ ni wọ́n ní ká mú wá.”

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ohun tí àwọn tó dá orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀ sọ fún ọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn. Ó dáa, èló lo fẹ́ san?”

A ná an títí àkókò fi lọ.

Mo yege nínú ìdánwò tó kù, visa mi ò sì lọ. Ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo rò pé yóò tẹ̀ lé e kò dé rárá. Níbikíbi tí mo bá ń gbé, tí mo bá ti gbọ́ tí ẹni ńlá kan ń ní ká mú díẹ̀ wá nítorí ààbò, ara mi kì í balẹ̀. Màá wòtún wòsì bóyá ẹlòmíràn fẹ́ dìde. Tí kò bá sí, èmi á dìde, màá sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó sọ fún un pé ó wọ́n jù.