Gbólóhùn Tí Mo Yọ Nínú Ìwé Ọ̀nà Òkè

Kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Àkúrẹ́, ó fara ti ògiri. Òórùn òróró tí ó máa ń fi pa ṣéènì rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ pàdé mi bí mo bá jáde kúrò ní yàrá láàárọ̀. Àwọn ọmọ wa, ìbejì tí wọ́n ti ní ilé tiwọn, sọ pé kí n fi ta ẹnìkan lọ́rẹ. Mo ní mo ti gbọ́. Ó pé ọdún méjì tí ìyá wọn ti lọ, ó sì pé ọdún méjì tí mo ti ń sọ pé mo ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé wa nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n máa ṣe eré ìdárayá. Olùkọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni mo ń kọ́ni. Ìyàwó mi, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, ń kọ́ni ní ilé ìwé girama. Mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere kan, mo gbé e wọlé. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ tẹ táyà rẹ̀ wò, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ pẹ́ láyé ni, Bàbá Ìbejì?" Ní ọ̀sẹ̀ kejì a ra tirẹ̀. A kọ́kọ́ gùn ún lọ sí Ìta-Ògbólú, a sì padà. Itan mi ro mí fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta wa kò jẹ́ kí a sinmi. Bí a bá ti ń kọjá, wọ́n á pariwo pé, "Ọ̀gá tíṣà, ṣé epo ti wọ́n jù ni?" Ìyàwó mi á sì dá wọn lóhùn pé epo ló ń gbé tiwọn, ẹ̀bà ló ń gbé tiwa.

Láìpẹ́, òkè Ìdànrè di ibi tí à ń lọ ní gbogbo Sátidé tí òjò kò bá rọ̀. Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ wá mọ bí àwọn òkúta ńlá wọ̀nyẹn ṣe ń yọ lójijì lẹ́yìn oko kòkó, dúdú, ìhòòhò, bí ẹ̀yìn erin tó dùbúlẹ̀. Àwọn àlejò a máa gba àtẹ̀gùn lọ sókè. Àwa kì í gba àtẹ̀gùn. Ọ̀nà àárín òkè ni à ń wá, àwọn ojú ọ̀nà tí àgbẹ̀ fi ń kó kòkó jáde, tí ó yí ẹsẹ̀ òkúta ká, tí ó bọ́ sí àfonífojì, tí ó sì wá yọ sí ìhà Oǹdó. Ó tó ọdún mẹ́ta kí a tó mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì kan tí ń bójú tó àwọn àlejò orí òkè gbọ́ nípa wa, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí a kọ ìwé kékeré kan tí yóò máa tọ́ àwọn tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ sọ́nà.

A pín iṣẹ́ náà. Èmi ń wọn jíjìn ọ̀nà àti gíga òkè, mo ń kọ irú òkúta tí ó wà níbẹ̀. Òun ń kọ ohun tí ọ̀nà ń ṣe fún ènìyàn. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ni ó ń kọ ọ́ sí, èyí tí ó máa ń wà nínú àpò ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kọ níbì kan pé: "Lẹ́yìn afárá onígi, ìyá kan wà tí ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ kí i kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Ẹni tí kò bá kí i, ọ̀nà tó jìn ni yóò júwe fún un." Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé ọ̀nà kọ́ nìyẹn, ìtàn àdúgbò ni. Lónìí, n kò rántí gíga òkè kan ṣoṣo nínú èyí tí mo wọ̀n, ṣùgbọ́n mo rántí ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀.

Ọ̀nà tí a kọ kẹ́yìn ni ó le jù. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín oko kòkó, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ lójijì, ó gùn, ó dà gẹ̀rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì bo ojú rẹ̀ títí dé ìdí igi ìrókò kan níbi tí ọ̀nà ti yà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, a bá bàbá àgbẹ̀ kan ní òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tí ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àpò kòkó méjì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ó ti gé ẹ̀ka igi tútù kan tòun tewé, ó ń so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí ó lè máa wọ́ nílẹ̀, kí ó sì máa fa ẹrù náà sẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé bíréèkì yín kò mú ni?" ni mo bi í.

"Ó mú," ó ní. "Òkè yìí ni kò mọ̀ pé ó mú."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Bàbá náà ní bí bàbá òun ti ń ṣe é nìyẹn, pé kò sí àgbẹ̀ tí ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Wọn a gé ẹ̀ka, wọn a so ó, wọn a fẹsẹ̀ rìn; bí wọ́n bá dé ìdí ìrókò, wọn a tú ẹ̀ka náà, wọn a jù ú sílẹ̀. Lóòótọ́, láti òkè níbẹ̀ a rí ẹ̀ka gbígbẹ tó ti pọ̀ jọ sí ìdí igi náà bí igi ìdáná. Ìyàwó mi yọ ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́: "Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbí. Ẹ má gùn ún. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn yín, ẹ so ẹ̀ka mọ́ ọn."

Èmi gùn ún. Mo di bíréèkì méjèèjì mú títí wọ́n fi ń rùn, mo dé ìsàlẹ̀ láìṣubú, mo sì dúró de ìyàwó mi àti bàbá àgbẹ̀ bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Bàbá náà kọjá lára mi, kò tilẹ̀ wò mí.

Èmi ni mo tẹ ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo dé ibi gbólóhùn yẹn, mo dúró. Mo ní nínú ara mi pé ìwé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ń ní kí ènìyàn máa fẹsẹ̀ rìn, kí ni yóò jọ lójú àwọn tó rán wa níṣẹ́? Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣáà ti gùn ún. Mo yọ ọ́. Mo kọ "gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dára fún ẹni tó bá láyà" rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó mi kò kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní ohun tí mo bá ti wò, àwa méjèèjì ti wò ó.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó kọ́kọ́ fi ìwé náà rìn. Wọ́n pè wá, àwa méjèèjì sì lọ dúró dè wọ́n ní ìdí ìrókò pẹ̀lú omi àti ọsàn. Ìró ni a kọ́kọ́ gbọ́, òkúta tí ń yí lórí òkúta. Lẹ́yìn náà ni a rí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ Ìkàrẹ́, tí kẹ̀kẹ́ ń gbé lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò níbi ìtẹ̀. Kò dé ìdí ìrókò. Ìyàwó mi ti ń sáré gòkè lọ bá a kí igbe ọmọ náà tó yé mi. Itan ọmọ náà ni ó kán. Nígbà tí a ń gbé e, mo rí ìwé kékeré wa nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ́fíìsì tó rán wa níṣẹ́ pè wá. Bàbá ọmọ náà wà níbẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún. Ọ̀gá ọ́fíìsì béèrè ẹni tí ó kọ apá ìkìlọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé iṣẹ́ ìyàwó mi ni. Mo la ẹnu, ikọ́ ni mo sì wú. Ìyàwó mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe ń wo aago lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọmọ náà.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni. Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé."

"Ẹ dìde, Mọ́mì," ni bàbá náà wí. "Ta ni kì í gbàgbé?"

Àwọn àgbà sọ pé ẹnu tí kò dákẹ́ ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò sọ fún mi ohun tí ẹnu tó dákẹ́ ń kó.

Nígbà tí a délé, ó ṣí ìwé ẹlẹ́yìn líle rẹ̀ lórí tábìlì, ó wá ojú ewé náà, ó ka gbólóhùn rẹ̀, ó sì pa á dé. Ó béèrè bóyá iyán ni n ó jẹ tàbí ìrẹsì. Mo ń retí kí ó bá mi jà. Ìjà náà kò dé. Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Bí a bá gun kẹ̀kẹ́ dé ibi tó dà gẹ̀rẹ̀, òun a sọ̀kalẹ̀, èmi náà a sọ̀kalẹ̀, a ó jọ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ. Mo gbà pé ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ó rọrùn fún ọkùnrin láti gbà bẹ́ẹ̀.

Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń bó ọsàn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ orí òkè yẹn..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ẹ ti lọ wò ó?"

N kò lọ rí. Mo fi èso ránṣẹ́ nígbà tí ọmọ náà wà ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò débẹ̀. Mo ní n ó lọ. Ó mi orí, ó gba ọsàn lọ́wọ́ mi. Kí oṣù náà tó parí, a ti sin ín.

Ó tún gbà mí ní ọdún kan gbáko kí n tó lọ. Ọmọ náà ti di olùkọ́ ní Oǹdó. Mo bá a nínú yàrá àwọn olùkọ́ lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde. Ó dìde wá kí mi, ó ń tiro díẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo dá a dúró. Mo ṣí ìwé ẹlẹ́yìn líle náà síwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn yẹn, mo sì sọ fún un pé èmi ni mo yọ ọ́.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Mọ́mì ò gbàgbé?"

"Kò gbàgbé."

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sí wọ́ọ̀dù, sà. Àwọn ni wọ́n ń bá mi dirun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi dá wọn lóhùn, ògiri ni mò ń kọjú sí. Ẹ̀yin ni mo wá kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí, nítorí èso."

Mo rántí lẹ́tà náà. Ìyàwó mi ló mú un wá fún mi. Ó ti kà á, ó ní ọmọ náà mọ̀wé kọ.

Ọmọ náà kò wo ojú mi nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin wá bẹ̀ mí, sà. Èmi ńkọ́, ta ni kí n lọ bẹ̀?"

Ó pa ìwé náà dé, ó tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ kọ ọ́ padà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Mo lọ sí ọ́fíìsì yẹn, mo sọ ọ́ ní yàrá kan náà tí mo ti wúkọ́ sí. Ọ̀gá tuntun ló wà níbẹ̀. Kò mọ ohun tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n ó gbà. Bàbá ọmọ náà ṣì wà láyé, mo dé Ìkàrẹ́, mo sọ ọ́ fún òun náà. Ìwé tuntun ti jáde, gbólóhùn ìyàwó mi sì wà nínú rẹ̀, kò yẹ̀.

Ní Sátidé tí mo gba ìwé náà, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni mo gbé sẹ́yìn mọ́tò, kì í ṣe tèmi. Mo tì í dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo gé ẹ̀ka kan tòun tewé, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àpò kòkó kankan níbẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀ka náà ń wọ́ tẹ̀lé mi lórí òkúta, ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn kan ń rìn bọ̀ lẹ́yìn mi láìkánjú. Mo dé ìdí ìrókò, níbi tí ó yẹ kí n ti tú u kí n sì jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù. N kò tú u. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà padà síbi tí mọ́tò wà, mo gbé e sínú rẹ̀ tòun tẹ̀ka.

Ẹ̀ka náà ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewé rẹ̀ ti gbẹ, bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ọ̀kan tàbí méjì a já. Àwọn ìbejì ní kí n tú u, pé ó ń da ìdọ̀tí sílẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.